Páìpù abẹ́ títì

Oṣù kọkànlá ni mo kọ́kọ́ rí i. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, odò kékeré tó gba abẹ́ títì kọjá ti kún, mo bá sọ̀kalẹ̀ lọ wo páìpù rẹ̀. Akọ ẹja coho kan, irú ẹja salmon kan, wà nínú ibú tó wà lẹ́nu páìpù náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ́n bí osùn, ẹnu rẹ̀ ti tẹ̀ bí ìwọ̀. Ó fò, orí rẹ̀ gbá etí irin, ó já bọ́. Ó sinmi díẹ̀, ó tún fò. Mo ti kà á dé ìgbà mọ́kànlá kí ọ̀gá mi tó pè mí pé ká máa lọ.

Títì tí ajágbé fi ń kó gẹdú ni, nínú igbó aládàáni kan ní ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ Washington, l'Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ mi ni láti yẹ odò àti títì wò kí àwọn agégẹdú tó wọlé. Tí mo bá sọ ọ́ fún èèyàn, igi mélòó la gé ni wọ́n máa ń bi mí. Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ a máa ń gbin òmíràn rọ́pò igi tí a gé. Páìpù tí wọ́n ti rì sábẹ́ títì látìgbà pípẹ́ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀. Ó tóóró, omi á máa fipá jáde lẹ́nu rẹ̀, á máa wa ilẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ, títí omi á fi máa dà láti òkè bí ọ̀ṣọ̀rọ̀. Ẹja tó ti òkun padà wá yé, ibẹ̀ ni ìrìn rẹ̀ pin sí. Bẹ́ẹ̀ omi tútù àti òkúta wẹ́wẹ́ tó ń wá wà lókè níbẹ̀. Ẹrẹ̀ tí òjò ń fọ̀ kúrò lójú títì náà tún ń lọ bo ẹyin mọ́lẹ̀.

Ní 1999 ni ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin igbó àti ẹja. Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò ọlọ́dún 50 tó jáde látinú rẹ̀ láti dáàbò bo ibùgbé ẹja, tó kan nǹkan bíi mílíọ̀nù 9.3 éékà igbó. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í gé igi tó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 50 sí odò ẹja, àfi níbi tí títì bá gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Àwọn onígbó kan ń ráhùn pé owó ló dúró síbẹ̀ yẹn. Òótọ́ ni, owó ni. Ṣùgbọ́n ibòòji igi wọ̀nyẹn ló ń jẹ́ kí omi tutù, èyí tó bá sì wó sínú odò ń wa ibú tí ọmọ coho ń sá sí, nítorí ó lè lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lódò kó tó lọ sókun. Nígbà kan rí, ńṣe ni wọ́n ń kó irú igi bẹ́ẹ̀ kúrò lódò, wọ́n rò pé ó ń dí ẹja lọ́nà. Lónìí, katapílà la fi ń gbé e padà sínú omi.

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń fi òkú igi sílẹ̀ lórí ìdúró. Àwọn agégẹdú ò fẹ́ràn rẹ̀, ó lè wó lu èèyàn, ẹ̀rù wọn sì tọ́. Torí náà, a máa ń yan èyí tó jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan wà tí àkókó ti dá ihò sí lára, ihò náà gba ọwọ́ mi. Òwìwí àti ọ̀kẹ́rẹ́ tí kò lè gbẹ́ ihò fúnra wọn, irú ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé tí àkókó bá ti kó kúrò.

Ọdún méjì ni ilé iṣẹ́ fi sún títún páìpù yẹn ṣe síwájú. Ó dùn mí gan-an, torí lọ́dọọdún tí òjò bá dé ni ẹja ń forí gbá irin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, tí omi fà, a hú u, a sì ṣe afárá tó fẹ̀ ju odò lọ, kí òkúta àti omi lè máa ṣàn bó ṣe ń ṣàn tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn àwọn òjò àkọ́kọ́, mo rìn gba ẹ̀gbẹ́ odò lọ sókè, bí igba ìṣísẹ̀ sí afárá. Abo coho kan fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú omi tí kò dé orúnkún mi, ó ń fi ìrù gbá òkúta wẹ́wẹ́ sọ́tùn-ún sósì, ó ń wa ibi tó máa yé sí.