Irun ajá yìí ju irun ọmọ mi lọ

Sátidé àná, wákàtí kan ni mo fi dirun fún ọmọ mi obìnrin, mo wá jókòó ti irun ajá fún wákàtí méjì. Ẹ bá mi rò ó wò.

Ọmọ mi kejì ló fà á. Ajá àwọn aládùúgbò wa kan wà l'Ọ́bà-Ilé níbí, tó bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í sín, ojú á pọ́n, imú á máa ṣomi, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́ràn ajá kú! Bàbá wọn ní ká ra ajá ńlá torí olè, mo ní irun ẹ̀ ńkọ́, ta ló máa máa gbá a? Ibẹ̀ lẹnì kan ti ní ká ra ajá tí poodle, irú ajá onírun wíwé kan, wà nínú ẹ̀, pé irun wọn kì í já, pé ọmọ ò ní sín mọ́.

Èmi náà wọ íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Èyí tí wọ́n fi poodle àti Labrador, irú ajá mìíràn, bí ń jẹ́ labradoodle, ti cocker spaniel ń jẹ́ cockapoo, ti Maltese ń jẹ́ maltipoo, bí ìgbà téèyàn ń so orúkọ bàbá àti ti ọkọ pọ̀. Ìtàn labradoodle yẹn ló wọ̀ mí lára jù. Ọkùnrin kan, Wally Conron, ló wà nídìí ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ajá tó ń mú afọ́jú rìn ní Ọsirélíà. Obìnrin kan tí ò ríran ní Hawaii ló fẹ́ ajá, ara ọkọ ẹ̀ ò sì gba irun ajá, àfi bí ọmọ tèmi. Ni wọ́n bá jẹ́ kí Labrador àti poodle gun ara wọn lọ́dún 1989, wọ́n bí mẹ́ta, wọ́n fi irun àtitọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí ọkùnrin yẹn kó dán an wò. Ọ̀kan péré ni ò yọ ọ́ lẹ́nu. Ìyá kan náà o, bàbá kan náà! Mo kà á, mo kọjá lọ, torí ojú mi ti wà lára ajá. Conron fúnra ẹ̀ sọ ní 2019 pé òun kábàámọ̀ gbogbo ẹ̀, àwọn èèyàn ti sọ ọ́ di òwò.

Ẹni tó ta tiwa, mi ò ní dárúkọ, fọ́tò ló ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ní poodle àti Lhasa ló bí i. Mo ní ká rí ìyá ẹ̀, ó ní ìyá ẹ̀ wà l'Ékòó. Ó yẹ kí n ti sá níbẹ̀. Dókítà ẹranko wo ìwé abẹ́rẹ́ tó fún wa, ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ti àrùn ajá tí wọ́n ń pè ní parvo, ti dìgbòlugi, gbogbo ẹ̀.

Dókítà yìí ló là mí lójú pé kì í ṣe irun gan-an ló ń mú ọmọ sín. Itọ́ ajá àti èépá ara ẹ̀ ni, tó bá ti gbẹ á máa fò káàkiri, torí náà kò sí ajá tí ò ní in. Ti poodle kàn jẹ́ pé irun tó bá já máa ń há sínú èyí tó kù, kì í bọ́ sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n dà lù yìí wá lè gbé irun bàbá, wọ́n lè gbé ti ìyá.

Èyí tó ń há yẹn ló wá di wàhálà mi. Mo lọ lo ọ̀sẹ̀ kan l'Óǹdó, bàbá wọn ò fi òòyà kàn án, kí n tó dé abẹ́ etí àti abíyá ẹ̀ ti di dàda, eégbọn mẹ́rin wà nínú ẹ̀. Kò ṣeé tú, a fá a ni. Ní báyìí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà la ń gé e, ẹni tó ń gé e sì ń gbowó ju bábà bàbá wọn lọ.

Màmá ọkọ mi, ọmọ Oǹdó pọ́ńbélé, wò ó títí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i, ó ní "Ìyàwó, Ògún gan-an ò ní gba eléyìí, kí wọ́n tó ya irun ẹ̀ tán ọdún á ti parí." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, àwọn ọmọ ti gbé ajá wọn sá lọ sẹ́yìnkùlé. Màmá ló sọ ọ́ ní Tanímọ̀la, àwọn ọmọ ń pè é ní Fluffy, kò dá èyíkéyìí lóhùn, àfi tó bá gbọ́ ariwo ọ̀rá búrẹ́dì.

Ọmọ mi ṣì ń sín, àmọ́ kò tó ti ajá àdúgbò. Ajá kì í wọ yàrá tí wọ́n ń sùn. Tó bá ṣe pé mo tún fẹ́ rà, ọmọ yẹn ni màá kọ́kọ́ gbé lọ bá ajá, kó jókòó tì í, kó jẹ́ kó lá a lọ́wọ́, kí n tún gbé e lọ lẹ́ẹ̀kejì kí n tó sanwó. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ra ọ̀kan fún màmá ẹ̀ tó ti lé láàádọ́rin ọdún, mo ní rárá o, ta ló fẹ́ máa bá màmá yàrun?

Ẹ jẹ́ n dìde, ó ti bẹ́ sínú omi tí mo fẹ́ fi fọṣọ. Ajá tó ń bá ọdẹ gbé pẹ́pẹ́yẹ jáde nínú omi ni poodle látilẹ̀wá, ẹ̀jẹ̀ ò parọ́. Irun tó bá sì ti tutù báyìí tún máa ń lọ́ mọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni. Wákàtí méjì àná ti ṣòfò.