Irin tó ń tán nínú eegun

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀kadà ṣe pọ̀ tó ní Òṣogbo, ẹ má wulẹ̀ lọ dúró kà wọ́n ní Ọlá-Ìyá. Ẹ wá jókòó tì mí ní yàrá X-ray láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Ojúgun tó ṣẹ́, itan tó ṣẹ́, ọrùn ọwọ́ tó yẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Èmi kì í to eegun o, èmi kàn ń yà á ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wo eegun láti àárọ̀ dalẹ́ á ti ṣàkíyèsí ohun kan: irin tí wọ́n fi dè é kì í sábà jáde mọ́.

Dókítà á ní kí aláìsàn padà wá tó bá yá, kí wọ́n yọ pléètì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi de eegun, kúrò. Ta ló ń padà? Owó iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ gan-an, àjọ àti ẹ̀yáwó ni wọ́n fi san án. Ẹsẹ̀ ti ń rìn, onítọ̀hún ti padà sídìí òwò rẹ̀, kí ló tún fẹ́ wá fi ara ya abẹ fún? Irin á bá jókòó síbẹ̀. Mo ya ìyá àgbà kan tó wá nítorí orúnkún tó ń dùn ún, ni pléètì àti síkúrù mẹ́fà bá yọ lójú àwòrán, funfun báláú. Ìyá ti gbàgbé pé wọ́n wà níbẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kò níí dógùn-ún sí mi lára báyìí?" Mo ní, "Rárá, Màmá, irin tí kì í dógùn-ún ni." Ó ní, "Háà! Èmi àti ẹ̀ la jọ máa wọ sàréè nìyẹn."

Òdì-kejì ìdáhùn tí mo fún màmá yẹn ni àwọn kan ti ń lé láti ayé àwọn baba ńlá wa: irin tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó lè dógùn-ún nínú ara, kó di eegun mú títí á fi so pọ̀, kó wá tán, kí ẹnikẹ́ni má sì tún fi abẹ kan ibẹ̀ mọ́. Magnesium, irin kan tó fúyẹ́, ló ṣíwájú nínú wọn. Ní 1878, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Edward Huse, ti fi wáyà magnesium di iṣan ẹ̀jẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ní 1906, Albin Lambotte, oníṣẹ́ abẹ ní Bẹ́ljíọ̀mù, fi pléètì magnesium de ẹsẹ̀ ọ̀dọ́kùnrin ọdún 17 kan, ó sì fi síkúrù irin líle kàn án mọ́ eegun. Kò pé ọjọ́ 8 tí pléètì náà fi fọ́ wẹ́wẹ́, tí gáàsì kún abẹ́ awọ ọmọ náà, tí ibẹ̀ wú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó ṣàlàyé. Irin méjì tí kò bára mu, tó fara kanra nínú omi oníyọ̀, bátìrì nìyẹn, èyí tí kò lágbára nínú méjèèjì ni yóò sì jẹ tán kíákíá. Omi oníyọ̀ ló sì kún inú ara wa. Magnesium tí wọ́n ń rí rà nígbà náà kò tún mọ́: bí irin gidi tí a fi ń ṣe ìṣó, nickel tàbí bàbà díẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, jíjẹ rẹ̀ á yára sí i. Ìtàn Lambotte yìí máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bá rí síkúrù kan lójú àwòrán tó hàn gbangba pé inú àpótí mìíràn ló ti wá, tí wọ́n fi dí àlàfo èyí tó sọnù. Pẹ̀lú irin tí a ń lò báyìí, onítọ̀hún lè mú un jẹ. Lọ́jọ́ tí magnesium bá dé yàrá iṣẹ́ abẹ wa, irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ wáyé mọ́.

Ká tiẹ̀ ní irin mìíràn ò kàn án, bí magnesium bá ti pàdé omi, yóò di nǹkan funfun bí ẹfun, yóò sì tú gáàsì hydrogen sílẹ̀. Gírámù kan ṣoṣo ń tú nǹkan bíi lítà kan gáàsì. Síkúrù kékeré tí wọ́n ń fi sí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kò tó gírámù kan rárá, nítorí náà tó bá ń jẹ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa gbé gáàsì náà lọ, a ó sì mí i síta láìmọ̀. Ti magnesium fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìṣòro. Nǹkan bíi gírámù 25 rẹ̀ ló ti wà lára àgbàlagbà, èyí tó ju ìdajì rẹ̀ lọ wà nínú eegun, ojoojúmọ́ la sì ń jẹ ẹ́ nínú ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹ̀pà. Èyí tó bá pọ̀ jù, kíndìnrín á tì í jáde, àyàfi ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa.

Àkókò gan-an ni ìjà wà. Ẹ wo ọparun tí bíríkìlà fi ń gbé dẹ́ẹ̀kì dúró: tí wọ́n bá yọ ọ́ kí kọnkéré tó gan, gbogbo rẹ̀ á wó lulẹ̀, tí wọ́n bá fi sílẹ̀ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè gbé abẹ́ rẹ̀. Magnesium lásán yára jù. Irin gidi, irin ìṣó yẹn, ń dógùn-ún nínú ara lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó falẹ̀ débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí kì í jẹ. Zinc wà láàárín àwọn méjèèjì, àwọn olùwádìí sì ti ń sá tẹ̀ lé e láti nǹkan bí ọdún 2013, àbùkù rẹ̀ ni pé ó rọ̀ jù fúnra rẹ̀. Ni wọ́n bá ń po magnesium pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn kó lè fẹsẹ̀ lélẹ̀. Àwọn ará Hannover ní Jámánì fi yttrium àti zirconium, irin méjì mìíràn, sí tiwọn, àwọn ará Kòríà fi calcium àti zinc sí i. Ti Kòríà yìí wù mí jù, torí calcium àti zinc kì í ṣe àlejò nínú ara. Ta ni yttrium jẹ́ sí wa?

Ó tún ní èrè kan tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Irin líle tí a ń lò le ju eegun lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá, titanium, irin kejì tí wọ́n ń lò, ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún. Tí irin bá ń gbé gbogbo ẹrù, eegun abẹ́ rẹ̀ á di ọ̀lẹ, á máa tín-ín-rín. Magnesium sún mọ́ eegun ju méjèèjì lọ, bó sì ṣe ń tán lọ ló ń dá ẹrù padà fún eegun.

Wọ́n ti ń fi í sára èèyàn báyìí. Ní 2013, ní Hannover, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 26 tí wọ́n tún àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn tó wọ́ ṣe. Àwọn kan gba síkúrù magnesium, àwọn yòókù gba ti titanium, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́ láàárín wọn. Ọdún yẹn náà ni síkúrù magnesium ti Hannover, tí wọ́n ń pè ní Magnezix, gba àṣẹ títà ní Yúróòpù. Kòríà fọwọ́ sí tiwọn ní 2015. Ní oṣù Kẹta 2023, FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn àti ohun èlò ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí síkúrù magnesium ilé-iṣẹ́ Bioretec ti Finland, fún ọrùn ẹsẹ̀ tó bá ṣẹ́.

Ẹ ò rí i pé mi ò tíì dárúkọ itan. Ibẹ̀ ló ti ń dùn mí. Eegun kéékèèké ni síkúrù wọ̀nyí wà fún: àtàǹpàkò, ọwọ́, ọrùn ẹsẹ̀. Itan ọlọ́kadà tó ṣẹ́ sí méjì kò tíì sí nínú ọ̀rọ̀ náà, agbára magnesium kò tíì gbé e. Àtàǹpàkò àwọn ará Hannover ló kọ́kọ́ jàǹfààní, ṣùgbọ́n àwọn tí wọn ò lè sanwó iṣẹ́ abẹ kejì ni irú irin yìí yẹ jù lọ.

Ti ẹ̀ka tèmi wá ńkọ́? Mi ò tíì ya ẹnikẹ́ni tó ní magnesium lára, inú ìwé ìwádìí ni mo ti ń wo àwòrán wọn. Pléètì irin líle máa ń tàn bí ẹni tan iná. Magnesium kì í tàn bẹ́ẹ̀, ó fúyẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá eegun dọ́gba, ẹni tí ò bá fara balẹ̀ lè fojú fò ó. Ohun tí yóò tètè rí ni òjìji dúdú tó yí síkúrù náà ká lóṣù àkọ́kọ́, nítorí gáàsì máa ń dúdú lójú X-ray. Àwa tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ yìí, ohun méjì ni dúdú ní ẹ̀gbẹ́ irin máa ń sọ fún wa: pé irin ti mì, tàbí pé kòkòrò ti wọ ojú iṣẹ́ abẹ. Gáàsì nínú ẹran ara tiẹ̀ lè mú kí dókítà sáré wá abẹ lóru. Ẹ wá fojú inú wò ó: ọmọbìnrin kan ṣe iṣẹ́ abẹ ọrùn ẹsẹ̀ ní Tampere ní Finland tàbí Houston ní Amẹ́ríkà, ó wá ṣọdún Iléyá nílé, ẹsẹ̀ wú díẹ̀ nítorí ọkọ̀ òfúrufú, wọ́n ya àwòrán, òkùnkùn wà yí síkúrù ká, wọ́n sì la ibẹ̀ láti yọ irin tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Fọ́ọ̀mù X-ray tiwa ní àyè fún ọjọ́ orí, àyè fún ibi tó ń dùn, àyè fún bóyá obìnrin lóyún. Kò sí àyè fún irú irin tó wà lára àti ọdún tí wọ́n fi sí i. Mo ti ń fi bírò kọ ìbéèrè méjèèjì sí etí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń dáhùn pé "irin ọsibítù ni", mo sì ń kọ ìyẹn náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.