Ibi tí mo ti ráyè kàwé sókè ní Sheffield

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé Sheffield ní Ìlú Ọba, mo kó ìwé mi, ó di Western Bank Library, ilé ìkàwé kan ní yunifásítì wa. Ọdún 1959 ni wọ́n ṣí i, fèrèsé rẹ̀ sì tóbi débi pé gbogbo igi ọgbà Weston Park lèèyàn ń wò láti orí àga. Ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Gbogbo wọn dákẹ́ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu. Èmi kì í sì í mọ ohun tí mo kà bí n kò bá gbọ́ ohùn ara mi. Mo ń rún un lẹ́nu jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, n kò mọ̀ pé ohùn mi ti ń ròkè, àfi bí ọmọbìnrin kan ṣe rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, tó sì nawọ́ sí ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́.

Ẹ má dá mi lẹ́bi. Nílé, òru la fi ń kàwé. A ó gbé àtùpà, a ó wá kíláàsì tó ṣófo, ẹnì kan á máa rìn síwá sẹ́yìn níwájú bọ́ọ̀dù bí ajíhìnrere, àwa yòókù á máa já a níyàn. TDB (Till Day Break) là ń pè é, kí ilẹ̀ tó mọ́ kò sí ẹni tó ń lọ ilé. Kò sẹ́ni tó bi wá bí a ṣe fẹ́ kí ibẹ̀ rí. Àga tó bá ti kán lẹ́sẹ̀, búlọ́ọ̀kù la fi ń tì í.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe Ph.D. ló gbà mí sílẹ̀. “Àbúrò, ibi tó o lọ yẹn kọ́ ni tìẹ. Lọ sí IC.” Information Commons, ilé ìkàwé mìíràn ní yunifásítì wa, ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀. Ọdún 2007 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í tilẹ̀kùn tọ̀sán-tòru. Ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́rọ́rọ́ ní ibi tirẹ̀, ẹni tó fẹ́ máa sọ̀rọ̀ náà ní tirẹ̀, yàrá onígíláàsì sì wà tí ẹgbẹ́ lè gbà sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti ń bi àwọn tó wà ní ọdún àṣekágbá dìgírì àkọ́kọ́ ní Ìlú Ọba bí ilé-ẹ̀kọ́ wọn ṣe ń ṣe sí, ilé ìkàwé sì wà nínú ohun tí wọ́n ń bèèrè. (Kò kan àwa tó ń ṣe Masters.) Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ òtítọ́ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Àga tìmùtìmù aláràbarà tó dà bíi ti pálọ̀, oorun ni mo fi sùn lórí rẹ̀. Tí ìdánwò bá dé, tábìlì lásán tó súnmọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ayé ń wá. Ẹlòmíràn á fi kóòtù rẹ̀ gba àyè láàárọ̀, kóòtù á máa kàwé títí di ọ̀sán. Mo rẹ́rìn-ín: àwa náà ń fi nótì gba àyè nílé.

Nígbà tó yá, èmi, ọmọ Ghana kan àti ọmọ Íńdíà kan gba yàrá onígíláàsì. Àṣé bí wọ́n ṣe ń kàwé nílé tiwọn náà nìyẹn! Ní agogo méjì òru, mo dìde sí bọ́ọ̀dù, mo ń wàásù ìṣirò, ọmọ Ghana ń já mi níyàn, ọmọ Íńdíà ń gbá tábìlì. Òyìnbó kan tó ń kọjá dúró, ó yọjú wò wá láti ìta, ó kan ilẹ̀kùn, ó ní ṣé kò sí wàhálà.