Ọjọ́ Tí Táyà Bẹ́ Mọ́ Wa Lọ́wọ́ Lójú Ọ̀nà Green Bank

Láti ìgbà tí ọmọ mi ọkùnrin ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ó ti ń bẹ̀ mí pé kí n mú òun lọ sí Green Bank, ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà, níbi tí onímọ̀ ìràwọ̀ kan ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ rédíò tẹ́tí sí ojú ọ̀run bóyá yóò gbọ́ ohùn ẹ̀dá mìíràn. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá báyìí. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kẹwàá, a yá ọkọ̀ ní Maryland tí à ń gbé, a sì gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìrìn wákàtí márùn-ún ni a rò pé yóò jẹ́, ṣùgbọ́n wákàtí mọ́kànlá ni ó gbà wá.

Ọ̀nà dára títí a fi kọjá Staunton ní Virginia, tí a sì bọ́ sí ọ̀nà 250 tó ń gun òkè, tó sì ń lọ́ bí ejò. Nígbà tí a kúrò ní Monterey, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù mi lọ pátápátá. Èyí kò bà mí lẹ́rù, nítorí mo ti kà á pé láti ọdún 1958 ni ìjọba ti ya ilẹ̀ tó fẹ̀ tó máìlì onígun mẹ́rin 13,000 sọ́tọ̀ ní àgbègbè náà, tí wọ́n sì ń ṣọ́ agbára àwọn ẹ̀rọ adúró-sójú-kan tó ń tan ìgbì rédíò níbẹ̀, kí ariwo wa má baà bo ohun tó ń ti ọ̀run bọ̀. Mo ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ mi lọ́wọ́ ni táyà ẹ̀yìn lápá òsì bẹ́, ní ibi tí kò sí ilé, tí kò sí ṣọ́ọ̀bù.

Mo ṣí búùtù láti mú táyà ìpààrọ̀, kò sí níbẹ̀. Agolo kékeré kan tí wọ́n rọ oje àlẹ̀mọ́ sí ni ilé iṣẹ́ tó yá wa lọ́kọ̀ kó síbẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń fún sínú táyà tí ìṣó gún, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ táyà tiwa ti ya débi pé ìka mi mẹ́rin wọ inú rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ti san owó lọ́tọ̀ fún ìrànlọ́wọ́ ojú ọ̀nà, dọ́là 14 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lórí káńtà wọn tẹnu mọ́ ọn pé ọkàn mi yóò balẹ̀. Nọ́ńbà fóònù kan péré ni ìrànlọ́wọ́ náà, ní àgbègbè tí fóònù alágbèéká kì í ti í ṣiṣẹ́, mo sì ti sọ orúkọ ibi tí à ń lọ fún un kí n tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí búùtù ọkọ̀ tí ẹ bá fẹ́ yá, kí ẹ fi ojú ara yín rí táyà ìpààrọ̀ kí ẹ tó sanwó kankan.

A dúró fún wákàtí méjì ó lé díẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta kọjá, wọn kò dúró. Òtútù orí òkè sì ti ń mú ọmọ mi kí ìyá àgbà òyìnbó kan tó dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó ní kí a wọlé jókòó, ó sì gbé wa lọ sí ilé rẹ̀. Fóònù oníwáyà ayé àtijọ́ wà lára ògiri ilé ìdáná rẹ̀. Mo pe ilé iṣẹ́ ọlọ́kọ̀, wọ́n fi orin dá mi dúró fún ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n sì wá sọ pé àwọn kò ní ẹnikẹ́ni nítòsí. Ìyá àgbà náà ti fún ọmọ mi ní ọbẹ̀ ẹ̀wà gbígbóná àti búrẹ́dì àgbàdo, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, nígbà tí mo sì kí i pé ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ó ní gbogbo ará ibẹ̀ ni ó máa ń dúró bí wọ́n bá rí ọkọ̀ tó kú, pé àlejò ni àwọn mẹ́ta yẹn yóò jẹ́.

Ọkùnrin tó wá fi ọkọ̀ wọ́ tiwa bu dọ́là 420 lé wa, owó sójú kan, ó sì ní òun kò ní so ṣéènì bí òun kò bá tíì rí owó náà. Mo dú u títí ó fi dé 350, ìyá àgbà sì bá a sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ kí ó tó gba 300. Táyà tuntun tún jẹ́ dọ́là 160. Bí ẹ bá ń lọ síbẹ̀, ẹ mú owó lọ́wọ́ àti máàpù bébà. Ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni mo ti gba tiwa.

Ọjọ́ kejì ni a tó dé ibi ìwòràwọ̀ náà, inú mi ṣì ń ru. Ọkọ̀ akérò wọn ló kó wa wọ ibi tí àwọn awò rédíò wà, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run, epo dísù ló sì ń lò, nítorí pé iná tí pọ́ọ̀gì ẹ̀ńjìnnì oní-pẹtiróòlù ń ṣá jẹ́ ariwo rédíò fún àwọn ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní kí a pa fóònù. Nígbà tí Green Bank Telescope yọ sí wa, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 148, àwo funfun orí rẹ̀ jẹ́ mítà 100 ní ìbú àti 110 ní òró, ó fẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ ń yí lọ sí ibi tí wọ́n bá fẹ́ tẹ́tí sí. Ní ọdún 2016 ni ètò Breakthrough Listen bẹ̀rẹ̀ sí í yá a lò láti wá àmì ẹ̀dá olóye.

Ṣùgbọ́n èyí tó kéré ni ọmọ mi wá rí, awò Tatel oní-mítà 26. Ní oṣù kẹrin ọdún 1960, Frank Drake, onímọ̀ ìràwọ̀ tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 29 nígbà náà, yí i sí ìràwọ̀ Tau Ceti, ó sì ń gbọ́ ìgbì mẹgahẹ́ẹ̀tì 1420, èyí tí gáàsì háídírójìn ń mú jáde káàkiri òfuurufú, nítorí ó rò pé ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìmọ̀ ìràwọ̀ yóò mọ ìgbì náà. Ó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tí ó yí i sí ìràwọ̀ kejì, Epsilon Eridani, ohùn líle kan bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì, ó sì parẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó padà wá, wọ́n sì rí i pé inú ayé wa níbí ni ó ti wá. Ibi tí afinimọ̀nà ti ń sọ èyí ni inú tó ń bí mi sí àìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti rọ̀. Ariwo ọmọ aráyé ló kọ́kọ́ tan àwọn tó ń gbọ́ ọ̀run jẹ. Ti ọlọ́kọ̀ kò tíì kúrò nínú mi.

A tún rí àwo ìrántí lára ògiri yàrá tí Drake ti kọ ìṣirò rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1961: nọ́ńbà méje tí a ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀ láti mọ iye àwọn ẹ̀dá tí a lè gbọ́. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ni iye ọdún tí irú àwọn ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ yóò fi máa fọhùn kí wọ́n tó dákẹ́, kò sì sí ẹni tó lè fi nọ́ńbà sí i. Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ́.

Ọmọ mi bi afinimọ̀nà pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí a bá pe Tau Ceti lónìí, ìgbà wo ni wọn yóò dáhùn?” Obìnrin náà ní ohùn wa yóò lo ọdún bíi méjìlá kó tó dé ọ̀hún, ìdáhùn yóò sì lo bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi ṣírò rẹ̀ lórí ìka, ó ní, “Mọ́mì, màá ti pé ọdún márùndínlógójì.” Ó gba bíírò lọ́wọ́ mi, ó sì kọ 35 sí ẹ̀yìn máàpù ìyá àgbà.