Ẹni tó ya káàdì wa ní Ṣómólú

Lánàá, mo gbé iṣẹ́ káàdì ìgbéyàwó àbúrò mi lọ sí Ṣómólú, láàárín àwọn onítẹ̀wé níbi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í ti í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ara ẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá mi ya káàdì náà fi ń ṣiṣẹ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú tòsì láti kékeré.

Mo wá ń wo bó ṣe máa tẹ bọ́tìnnì Ctrl, Shift àti S orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ pa pọ̀. Kò tẹ̀ wọ́n pọ̀ o! Ó tẹ ọ̀kan, ó gbé ìka kúrò, ó tẹ èkejì, ó tẹ ẹ̀kẹta, ó parí.

“Sticky Keys ni, ẹ̀gbọ́n, òun ló ń jẹ́ kí n lè tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ Shift lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, á bi yín bóyá ẹ fẹ́ ẹ.”

Ọ̀fẹ́ ni, inú Windows ló wà. (Ìbéèrè yẹn náà lọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ìbínú pa rẹ́ tí wọ́n bá ń gbá géèmù!) Mo bi í nípa Voice Access ti Windows 11, téèyàn ń fi ohùn darí kọ̀ǹpútà. Ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí jẹnẹrétọ̀.

Mo ní kó dín owó kù. Ó ní, “Ọwọ́ kan ni mo fi ṣe é, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ owó yín gbọ́dọ̀ pé.”