Ọdún tí mo fi wo ẹnubodè

Ilé wa ní Kétu ni mo ti ń kọ eléyìí. Ọyẹ́ ti mú ètè gbogbo wa gbẹ. Láàárọ̀ àná mo rìn lọ sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, mo dúró níbẹ̀ pẹ́. Bí ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ṣe ń dá ẹni tó ń bọ̀ mọ̀ ni mo fi odidi ọdún yìí wádìí ní Jámánì, àmọ́ ẹ̀ṣọ́ inú ara ni tèmi.

Purotéènì kan wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú ọyàn àti ẹ̀dọ̀fóró, MUC1 lorúkọ rẹ̀, ṣúgà ló fi bora. Bí ara bá le, ṣúgà ọ̀hún máa ń gùn, á pẹ̀ka. Bí jẹjẹrẹ bá wọ̀ ọ́, á kúrú, nígbà míì ẹyọ ṣúgà kékeré kan péré, tí wọ́n ń pè ní GalNAc, ló máa kù. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara kan ní ohun tó dà bí ọwọ́, MGL, tí wọ́n fi ń di GalNAc yẹn mú. MUC1 tá a bá yọ lára sẹ́ẹ̀lì, àdàlù ni, ṣúgà ọ̀kan kò sí níbi tí ti èkejì wà. Ìdí nìyẹn tá a fi ń fọwọ́ ara wa ṣe é, ká lè fi ṣúgà síbi tá a fẹ́ gan-an.

Ọ̀nà tí Bruce Merrifield, onímọ̀ kẹ́míkà kan, gbé jáde ní 1963 la ṣì ń tọ̀. A óò so ámínò ásíìdì àkọ́kọ́, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń kọ́ purotéènì, mọ́ hóró resin, ike wẹ́wẹ́ kan, a óò wá máa so ìyókù mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Ámínò ásíìdì tó ru ṣúgà wọ́n, ó sì lọ́ra. Òru mọ́jú ni mo ń fi í sílẹ̀ kó tó lẹ̀.

Ní oṣù kẹta, mo ba tèmi jẹ́. Ìbòrí kékeré kan tó ń jẹ́ acetyl la fi ń bo ṣúgà nígbà iṣẹ́, ìgbẹ̀yìn la óò bọ́ ọ kúrò pẹ̀lú kẹ́míkà kan, sodium methoxide, ẹ̀kán kan lẹ́yìn òmíràn. Mo kán an jù. Nígbà tí mo wọn ohun tó kù, ìwúwo mólékù rẹ̀ fi 221 dín, ìyẹn ìwúwo GalNAc kan: ṣúgà fúnra rẹ̀ ti já bọ́. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Oṣù kẹwàá ló tó bọ́ sí i. Ohun tó kù nínú ìgò lẹ́yìn tí omi ti gbẹ tán funfun, ó fúyẹ́ bí òwú àràbà, mílígíráàmù 11. MGL dì í mú. Nígbà tá a yọ kálísíọ́ọ̀mù, tí MGL nílò kó tó lè di nǹkan mú, kúrò, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí. Èyí tí kò ní ṣúgà, kò tiẹ̀ yà sí i.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọyàn fún lọ́dún yìí, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀ lálẹ́ àná.

"Ṣé òògùn tèmi lò ń ṣe lọ́hùn-ún?"

"Kì í ṣe òògùn, màmá. A ṣì ń kọ́ bí ẹ̀ṣọ́ ṣe ń dá olè mọ̀ ni."

Wọ́n ní kí n fi hàn wọ́n. Mo ṣí fọ́tò orí fóònù mi, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n wò ó títí.

"Kékeré yìí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n ṣe èyí tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù kìíní ni mo máa padà, èyí tó ní ṣúgà méjì ni mo máa kọ́kọ́ gbé ka iná.