Nígbà tí fáàsì bá kọ̀ láti kọjá lórí fóònù íntánẹ́ẹ̀tì

Ó lè ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu pé fáàsì, ẹ̀rọ tí ń fi ẹ̀dà ìwé ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù, ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Adó-Èkìtì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń bá ilé ìwòsàn tàbí ilé iṣẹ́ amòfin ní Amẹ́ríkà dòwò pọ̀ yóò mọ̀ pé àwọn kan níbẹ̀ kò tíì fi í sílẹ̀. Mo ń bójú tó ètò fóònù àwọn ọ́fíìsì mélòó kan láti Fájuyì títí dé Ajílósùn, kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó ń lo okùn tẹlifóònù àtijọ́ mọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ìpè wọn ń gbà. Ohùn ènìyàn ń lọ geere níbẹ̀. Fáàsì ni ó máa ń fa ìjàngbọ̀n, ìdí rẹ̀ sì ni pé etí ọmọ ènìyàn ni àwọn tí ó ṣe fóònù íntánẹ́ẹ̀tì fi ṣe òṣùwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ fáàsì kò ní irú etí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, ètò náà máa ń gé ohùn wa sí pákẹ́ẹ̀tì kéékèèké. Pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sábà máa ń gbé ohùn ìdá 1 nínú 50 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ọ̀kan bá sọnù lọ́nà, ẹ̀rọ á wá ohun tí ó jọ ọ́ dí àlàfo náà, ẹni tí ń gbọ́ kò sì ní fura rárá. Ṣùgbọ́n bí fáàsì bá ń sáré ní 9,600 bíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, pákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí ó sọnù ti gbé bíìtì 192 lọ, ariwo lásán sì ni wọ́n fi dí àyè rẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ mìíràn tí wọ́n ń ṣe fún ohùn, bíi kí wọ́n má fi ìdákẹ́jẹ́ ránṣẹ́ tàbí kí wọ́n máa pa ohùn tí ń dún padà rẹ́, ń ba fáàsì jẹ́ bákan náà.

Nítorí náà, n kì í kọ́kọ́ ṣí sẹ́tíǹgì kankan. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń yí ohùn ẹ̀rọ fáàsì sókè kí n lè gbọ́ ìpè náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí ibi tí ìpè bá kú sí ni yóò sọ ohun tí ó pa á. Ẹ̀rọ tí ń fi ránṣẹ́ á máa pariwo kúkúrú ní hertz 1,100, á sinmi fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, á tún pariwo. Ẹ̀rọ tí ó gbà á á dáhùn pẹ̀lú súfèé gígùn ní hertz 2,100. Lẹ́yìn èyí ni àwọn méjèèjì á fi ohùn wúruwùru kan ṣe àdéhùn lórí ìwọ̀n eré tí wọn yóò sá, wọn á dán ojú ọ̀nà wò fún ìṣẹ́jú-àáyá kan ààbọ̀, kí ojú ìwé tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Bí n kò bá gbọ́ súfèé ìdáhùn rárá, ọ̀rọ̀ kò tíì kan fáàsì. Nọ́ńbà tàbí ìforúkọsílẹ̀ adápítọ̀ (àpótí kékeré tí ń so ẹ̀rọ fáàsì mọ́ fóònù íntánẹ́ẹ̀tì) ni mo máa yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ ibi ìdánwò ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n tún ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì já ara wọn sílẹ̀, codec, ìlànà tí ń sọ ohùn di bíìtì, ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. G.729, ọ̀kan nínú wọn, ń fún ohùn pọ̀ títí yóò fi di kìlóbíìtì 8 péré ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì mọ ohùn ènìyàn dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè gbé ariwo fáàsì dé ibì kankan. G.711, tí ń lo kìlóbíìtì 64, ni kí a fi sí i, kí a sì pa gígé ìdákẹ́jẹ́ níbẹ̀.

Èyí tí ó máa ń rú ènìyàn lójú jù lọ ni ìwé tí ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa tí ó sì kú lójú ọ̀nà. Akọ̀wé ilé iṣẹ́ amòfin kan, tí ó dàgbà jù mí lọ, na ìwé ìjábọ̀ ẹ̀rọ wọn sí mi: ojú ìwé kìíní àti èkejì ti lọ, ẹ̀kẹta dúró sí ìdajì, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe ń rí nígbàkígbà tí ìwé bá gùn.

“Àbúrò mi, ṣé kì í ṣe pé ẹ̀rọ yìí ti gbó báyìí?”

“Rárá o, mọ́mì. Ká ní ó ti gbó ni, ojú ìwé kìíní náà ìbá má lọ.”

Aago inú adápítọ̀ àti aago ẹ̀gbẹ́ kejì kì í bá ara wọn mu tán. Ó dà bí ẹni méjì tí ń gún iyán nínú odó kan náà: ó pẹ́ ó yá, ọmọ odó wọn á kọlu ara wọn. Bí jitter buffer, ibi tí pákẹ́ẹ̀tì ti ń dúró díẹ̀ kí wọ́n lè jáde déédéé, bá jẹ́ irú èyí tí ń tún ara rẹ̀ tò, á ju pákẹ́ẹ̀tì kan nù tàbí kí ó fi òmíràn kún un kí àwọn aago lè bá ara wọn dọ́gba. Etí kò ní mọ̀, fáàsì á sì ṣubú. Mo sọ buffer náà di èyí tí kì í yí padà, mo sì fẹ̀ ẹ́ sí i. Ó dín wàhálà náà kù púpọ̀, kò pa á rẹ́ pátápátá.

Ohun tí ó ń yanjú rẹ̀ ni T.38, ìlànà tí ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, gbé jáde ní ọdún 1998. Lábẹ́ rẹ̀, adápítọ̀ kì í gbé ariwo fáàsì sọdá mọ́. Ó ń ka bíìtì inú ariwo náà, ó ń fi wọ́n sínú pákẹ́ẹ̀tì, ó sì lè tún ti ìṣáájú fi kún ti ìsinsìnyí, kí ohun tí ó bá sọnù lè ní ẹ̀dà nínú èyí tí ó tẹ̀lé e. Ẹ̀rọ tí ó wà ní òpin ọ̀nà ni yóò tún un sọ di ariwo. Ọ̀pọ̀ adápítọ̀ kò lè fi T.38 gbé V.34, ìlànà eré ńlá tí àwọn fáàsì tí wọ́n ń pè ní Super G3 ń lò, nítorí náà, ẹ pa Super G3 nínú ẹ̀rọ fáàsì, kí ó má kọjá 14,400. Bí ẹ bá sì rí 488, nọ́ńbà èsì tí ó túmọ̀ sí pé wọn kò gbà, nínú àkọsílẹ̀ adápítọ̀ ní kété tí ó béèrè fún T.38, ilé iṣẹ́ tí ń ta ìpè fún yín ni kò gbà.

Àwọn kan máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí a pa ECM, ètò tí ń mú kí ẹ̀rọ tí ń gbà béèrè fún apá tí ó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Òótọ́ ni pé ìwé á túbọ̀ máa kọjá, ṣùgbọ́n ó lè kọjá pẹ̀lú ìlà tí ó ti pòórá. N kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún amòfin tàbí dókítà, nítorí ìwé tí ìwọ̀n oògùn ti pòórá nínú rẹ̀ burú ju èyí tí kò lọ rárá. Ó yá mi lára kí n dín eré rẹ̀ kù sí 9,600.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì wa níhìn-ín, tí ó jẹ́ pé móódẹ̀mù 4G ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń lò, kò sí sẹ́tíǹgì tí ó lè tún òpó ìbánisọ̀rọ̀ tí èrò ti kún ṣe. Wáyà ni kí ẹ fi so adápítọ̀ mọ́ ràútà, kí ẹ pa SIP ALG (ètò inú ràútà tí ń tọwọ́ bọ ìsọfúnni ìpè), kí ẹ sì fi àwọn méjèèjì sórí ínfátà kí iná ọba má máa já ìpè láàárín ojú ìwé.

Bí ẹ bá máa pe ilé iṣẹ́ tí ń ta ìpè, ẹ kọ ọjọ́, àkókò àti nọ́ńbà tí ẹ pè sílẹ̀, kí ẹ má sì kàn sọ pé fáàsì kò lọ. Ẹ bi wọ́n bóyá T.38 ń dé òpin ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sí orílẹ̀-èdè náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ra ojú ọ̀nà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.